Ewúrẹ́ Tí Wọ́n Ní AA Ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Jemilat kò fẹ́ gbọ́ sétí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "Ó ti ń ṣiṣẹ́." Bí èèyàn bá sọ ọ́ níwájú rẹ̀, pàápàá nípa kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ á yí padà bí ojú ẹni tó ṣèèṣì fi ẹ̀wà tó ti kan sẹ́nu. Á ní, "Ta ló ń ṣiṣẹ́ fún?" Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí á rò pé oníjàgídíjàgan ni.

Mushin ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Ìdí-Òro. Bàbá rẹ̀, Alájì Yẹ̀kínnì, ń ṣe àga onítìmùtìmù. Ìyá rẹ̀, Sìmíátù, ń ta bọ́tìnnì àti òwú fún àwọn télọ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Habeeb ni ẹ̀gbọ́n, Jemilat ni àbúrò. SS ni Habeeb. Nígbà tí àwọn òbí wọn fẹ́ra, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìdílé ni wọ́n ń wádìí nígbà yẹn, wọn kì í wádìí ẹ̀jẹ̀. Ìdílé méjèèjì dára, àwọn méjèèjì sì jẹ́ AS láìmọ̀. Láti kékeré ni Jemilat ti mọ ohùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi sunkún nígbà tí eegun bá ń dùn ún, ohùn ẹni tó fi eyín di ìrọ̀rí mú kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Habeeb kórìíra orúkọ yẹn ju àìsàn náà lọ. Nígbà tí ìbàdí rẹ̀ bàjẹ́ tí kò lè dúró pẹ́ mọ́, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ní ìjókòó ni iṣẹ́ òun.

Jemilat ní tirẹ̀ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ibẹ̀ náà ló sì ti ríṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Èsì Kíá. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Inú Jemilat dùn sí iṣẹ́ náà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó rò pé ohun tí kò sí nígbà ayé àwọn òbí òun lòun ń ṣe yìí.

Ilé náà ò jọ orúkọ tó ń jẹ́. Wọ́n kun iwájú rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn, wọ́n gbé òdòdó oníke sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ò ṣàn, òórùn rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nínú fíríìjì tí gbogbo wọn ń lò, ọbẹ̀ ẹja kan wà tó ti hu funfun, tí kò sẹ́ni tó gbà pé òun lòun ni ín. Kálukú ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mú omi tirẹ̀. Jemilat ló padà dà á nù. Wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Onífíríìjì.

Gbádé ni olórí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọmọ tíṣà ni, Surulere ni wọ́n ti tọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òótọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àwọn. Lókè rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà wà, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Lọ́dún kan, Gbádé fẹ́ kí wọ́n fi oríṣi àyẹ̀wò tuntun kún èyí tí wọ́n ń gbé. Ó ní kí Jemilat kọ́kọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò lórí lápútọ́ọ̀pù tirẹ̀, kí ó má bàa da èyí tí àwọn aláìsàn ń lò rú.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ẹ rántí ilé oníyàrá púpọ̀ tó kọjú síra, irú èyí tó kún Mushin. Ètò kọ̀ọ̀kan ń dá gbé inú yàrá tirẹ̀: ọ̀kan ń tọ́jú orúkọ, ọ̀kan ń gba owó, ọ̀kan ń bá ilé àyẹ̀wò sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní yàrá èsì. Kọ̀ntéínà ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tí ará ìta lè bá sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ètò kan ló dúró níwájú, tí wọ́n ń pè ní géètì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, géètì ni yóò bi, géètì á lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tó yẹ, á sì mú ìdáhùn wá. Orí àwọn ẹ̀rọ ńlá níbòmíràn ni ojúlówó ilé yìí wà. Jemilat kọ́ ẹ̀dà rẹ̀ kékeré sínú lápútọ́ọ̀pù.

Ilé náà dúró, gbogbo yàrá jí. Tí Jemilat bá fúnra rẹ̀ bi yàrá èsì ní ìbéèrè, á dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n tí ó bá gba ọ̀dọ̀ géètì, géètì á ní òun ò rí ẹni tí ó ń wá. Ó pa á, ó tún tàn án. Ó yí orúkọ padà, ó yí nọ́ńbà ojúlé padà, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó tún un kọ́. Ohun kan náà ni géètì ń sọ. Lápútọ́ọ̀pù gbóná débi tó fi gbé e sórí abọ́ irin kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn ní kó gbàdúrà lé e lórí. Ọjọ́ ń lọ, Gbádé sì ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Ṣé kò tíì ṣiṣẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò tíì gbọ́."

"Kí lo wá ń dààmú ara ẹ sí? Lọ da gbogbo ètò géètì tá a ń lò fún àwọn oníbàárà kọ síbẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀."

Jemilat ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti fi àwọn aláìsàn àfọwọ́dá mẹ́ta sínú yàrá èsì tẹ́lẹ̀: ọ̀kan AA, ọ̀kan AS, ọ̀kan SS. Kì í dán nǹkan wò láìfi SS kan sí i, nítorí Habeeb. Ó béèrè ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ géètì. Kíá ni géètì dáhùn: jẹ́nótáìpù, AA. Jemilat pariwo "Alhamdulillah!" débi tí àwọn tó wà nítòsí fi pàtẹ́wọ́ fún un. Gbádé na àtàǹpàkò sí i láti òkèèrè.

Ó béèrè ti ẹnì kejì, ẹni tó jẹ́ AS. Géètì ní AA.

Ó rò pé òun ló tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ó béèrè ti SS. AA.

Ó jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló tẹ orúkọ kan tí kò sí níbì kankan: Ewúrẹ́ Ìdí-Òro. Géètì ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́nótáìpù ewúrẹ́ náà, AA. Wọ́n tún kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kó máa tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa.

Jemilat wá pa yàrá èsì pátápátá. Kò sí ẹni tí géètì lè bi mọ́. Ó tún béèrè. AA.

Ó ṣí ètò tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn, ó sì kà á láti òkè délẹ̀. Kò fara pamọ́ rárá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí yàrá èsì ò bá tètè dáhùn, kí géètì má dúró, kó fún oníbàárà ní èsì kan tí wọ́n ti sè sílẹ̀ fún gbogbo ayé. AA sì ni wọ́n sè.

Ó mọ̀ pé yàrá èsì gidi kì í yára. Bí iná bá lọ nílé ìwòsàn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wọ́, á dákẹ́. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tó dákẹ́, ẹnìkan níbì kan ṣí fóònù rẹ̀, ó sì ka irọ́ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n Gbádé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Gbádé dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?"

"Ẹ wo orúkọ tí mo kọ."

"Ewúrẹ́ Ìdí-Òro." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò níṣẹ́ ni?"

"Ẹ wo èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Gbádé. Kò jọ ẹni tí ẹ̀rù bà. Ó jọ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń tọ̀ sára ògiri onílé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Hẹn, ìyẹn. Ọjọ́ tí àwọn àlejò wá wo iṣẹ́ wa ni. Yàrá èsì ń kú ṣáá. Ṣé ká dúró níwájú àlejò ká máa bẹ ẹ̀rọ ni? Mo kàn fi ìyẹn dí ihò."

"Àwọn àlejò ti lọ tipẹ́."

"Mo fẹ́ yọ ọ́ o. Àmọ́ látìgbà tó ti wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ò pè wá mọ́ pé èsì àwọn ò jáde. Ariwo dínkù. Ọ̀gá gan-an yìn wá."

"Ariwo dínkù torí pé à ń parọ́ fún wọn."

"Rọra máa sọ̀rọ̀, Jemilat. Kò tó bẹ́ẹ̀."

Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sún mọ́ imú Jemilat jù. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ rí ọ̀gá àgbà. Gbádé tẹ̀ lé e, ó ń tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

Súyà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ń jẹ nínú bébà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ láìdá ẹnu dúró. Ọ̀rá ti bo ìka rẹ̀, àlùbọ́sà kan lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, sà?" Jemilat béèrè.

Ọ̀gá àgbà tún ju ẹran kan sẹ́nu. Ó ní, "Jẹ́ kí n bi ẹ́. Ṣebí AA ni ọ̀pọ̀ èèyàn lórílẹ̀-èdè yìí tẹ́lẹ̀?"

"Sà?"

"Mò ń bi ẹ́ ni. Ká tiẹ̀ sọ pé a ò yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò, tá a kàn ń sọ AA, ọ̀pọ̀ ló máa bá mu." Ó lá ìka rẹ̀, ó wo Gbádé bíi pé kó bá òun rẹ́rìn-ín. Gbádé sì rẹ́rìn-ín.

"Àwọn tí kò bá mu ńkọ́, sà? Àwọn tó ti gbà á?"

"Ṣé wọ́n ti wá bá ẹ jà ni? Gbádé, ẹ máa yọ nǹkan yẹn díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Àǹtí, ẹ jókòó jẹ súyà."

Ó ti bébà náà sí i. Jemilat rí ibi tí ọ̀rá ti dì lórí bébà. Ó sáré jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò lómi lọ́jọ́ náà bí ìṣe rẹ̀, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe sílẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bébà bò. Orí ẹ̀ ló bì sí.

Ó padà sídìí tábìlì. Ó yọ ìlà irọ́ náà kúrò nínú ẹ̀dà tirẹ̀. Bó ṣe yọ ọ́ báyìí ni géètì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ò rí yàrá èsì. Kò tíì rí i láti ọjọ́ yìí wá, irọ́ ló kàn bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jemilat wá fi sùúrù tọpa ọ̀nà tí géètì ń gbà. Nínú ètò tó kọ́kọ́ kọ fúnra rẹ̀, ó júwe yàrá èsì pé "ibí yìí" ló wà, nítorí pé lórí lápútọ́ọ̀pù tirẹ̀, ibí yìí náà ló wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n géètì ní yàrá tirẹ̀. Tí wọ́n bá sọ "ibí yìí" fún un, inú yàrá ara rẹ̀ ló ń wá kiri, ògiri tirẹ̀ ló ń kàn. Jemilat nu "ibí yìí" kúrò, ó kọ orúkọ tí àwọn yàrá fi mọ ara wọn láàárín agbo ilé náà síbẹ̀. Géètì kan ilẹ̀kùn, yàrá èsì dáhùn. AA jẹ́ AA, AS jẹ́ AS, SS jẹ́ SS. Ewúrẹ́, géètì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Kò yọ̀. Ohun tó ti ń wá látọjọ́ yìí, nígbà tó rí i, ńṣe ló dà bí ẹni tó rí òrùka nínú ààtàn.

Ó kúrò níbi iṣẹ́ kí àkókò tó tó, ó gba Ìdí-Òro lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Habeeb ń rán ọrùn búbá. Jemilat ní, "Bọ̀dá Habeeb, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró ná." Ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Nígbà tó dórí AA tí wọ́n sè sílẹ̀, Habeeb rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú tí kò dé ojú.

"Ìyẹn ni pé ká ní Alájì àti Màámi lọ yẹra wọn wò lọ́dọ̀ yín, ijó ni wọn ì bá jó wálé."

"Ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Ta ló ń kọ èsì gidi?"

"Ilé àyẹ̀wò. Èyí tó tóbi jù wà ní Surulere. Ìyáàfin Rosaline kan ni olórí wọn."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Èsì tó tọ́ ni wọ́n ń kọ níbẹ̀."

"Kí lo wá wá ṣe lọ́dọ̀ mi?" Habeeb tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jemilat gbé lápútọ́ọ̀pù, ó kọrí sí Surulere. Ìyáàfin Rosaline ti dàgbà díẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun létí, ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tó tutù kan ìgò àyẹ̀wò rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó wo Jemilat láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń bá ara yín jà níbi iṣẹ́ lo fi wá ba tiwọn jẹ́?"

"Rárá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ètò tí wọ́n ń lò gan-an ni mo dá padà sí orí ẹ̀rọ yìí, mo sì pa yàrá èsì, bí ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wọ́. Ẹ sọ orúkọ tó bá wù yín."

Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Kọ orúkọ ọkọ mi. Ó ti kú." Ó pe orúkọ náà, Jemilat tẹ̀ ẹ́.

AA. Kó máa tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa.

Ìyáàfin Rosaline ka ọ̀rọ̀ náà, ó tún un kà. Ó ní, "AS ni ọkọ mi. Èmi fúnra mi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò." Ojú rẹ̀ le. Kò tún bi Jemilat ní ìbéèrè mọ́. Ó pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, ó ní kó já gbogbo ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́ Èsì Kíá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má dúró gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ọjọ́ náà tó tán, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ti pe Jemilat. Ó ní ó ta àwọn, ó ní kó dá lápútọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ padà, kó má sì jẹ́ kí òun rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Yaba. Jemilat dá a padà. Gbádé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń sọ jẹ́jẹ́ pé òun náà ti fẹ́ yọ ìlà yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sórí fóònù gbogbo oníbàárà pé àwọn ń ṣe àtúnṣe díẹ̀ kí àwọn lè túbọ̀ sìn wọ́n. Gbádé ló fọwọ́ sí i. Nígbà tí Jemilat kà á, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.

Ìyáàfin Rosaline ní kó wá ran àwọn lọ́wọ́. Èsì tó tọ́ wà lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì ní láti mọ ẹni tó gba irọ́ kí wọ́n lè pè é padà. Iṣẹ́ náà pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ AA lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ti wí, ìyẹn gan-an ló sì ń bí Jemilat nínú jù. Ìgbàkígbà tí ọ̀kan bá bá mu, á dà bíi pé ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà pẹ̀lú ẹran lẹ́nu.

Ọ̀kan tí kò bá mu ni ti Hadassah, ìyàwó tuntun kan láti Iganmu. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wá, oyún rẹ̀ ti hàn dáadáa. Ìyáàfin Rosaline fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í, tó sọ fún un pé AS ni, ọkọ rẹ̀ náà AS. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Hadassah ò sunkún. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi èsì àtijọ́ hàn wọ́n.

"Ta ló kọ AA yìí?"

Ó yíjú sí Jemilat tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí, ẹ̀yin ni mò ń bi. Ta ló kọ ọ́?"

"Ilé-iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ni," ni Jemilat wí. "Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún yín. Gbogbo èèyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún."

Hadassah pa fóònù náà. Ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ mí rárá." Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n jáde.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ni Jemilat wà báyìí, ó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ka ọjà wọlé, ka ọjà jáde. Èsì Kíá ti yí orúkọ padà, wọ́n ti kun iwájú ilé ní àwọ̀ búlúù, wọ́n sì ń gba òṣìṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó dúpẹ́, pé Ọlọ́run ló lò ó. Jemilat sọ fún un pé òun ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní nǹkan náà kàn rí òun lára ni, òun ò lè gbé e mì.

Ó ń lọ kí Ìyáàfin Rosaline ní Surulere lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Hadassah ti bímọ, ọmọbìnrin ni. Ìyáàfin Rosaline ò sọ jẹ́nótáìpù ọmọ náà fún un, nítorí kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. Jemilat náà ò béèrè.